Kókó Abẹ́ Fìlà Jagun

Ọdún tí wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, oyè pọ̀ ní Inísà ju àgbàdo lọ. Ìpínlẹ̀ tuntun ti dé, olúkúlùkù sì ń wá ohun tí yóò dé sórí lọ pàdé rẹ̀. Ẹni tí kò tíì joyè ń múra àtijẹ, ẹni tó ti jẹ ọ̀kan ń wá èkejì tí yóò fi tì í lẹ́yìn. Ọdún náà ni Ọlánípẹ̀kun, ọkọ Àjíkẹ́, joyè Jagun agboolé wọn.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni Ọlánípẹ̀kun ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Òun ni í wọ ilé onílé láàárọ̀ kùtù, tí yóò ṣí ìkòkò omi wọn, tí yóò fi ìka tọ́ka sí tanwíjí, tí yóò sì bi ìyá arúgbó léèrè pé ṣé ẹja ló ń sìn ni. Láti Ìkìrun títí dé Òkúkù, kò sí ìkòkò tí kò bẹ̀ wò, kò sí ṣáláńgá tí kò yọjú sí. Àjíkẹ́ a máa rò ó nínú ara rẹ̀ nígbà mìíràn pé ilé kan ṣoṣo ni wolé-wolé náà kò wò rí, ìyẹn ni ara tirẹ̀.

Àjíkẹ́ ní tirẹ̀, fìlà ló ń rán. Ọmọ Ìkìrun ni, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, tòun tabẹ́rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì jọ gbé wá sílé ọkọ. Bí ẹ bá rí fìlà tó jókòó dáadáa lórí àgbàlagbà kan ní agbègbè yẹn, tó dọ̀bálẹ̀ fọ́ba tí fìlà ò sì yí dànù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ Àjíkẹ́ ni. Òun ló rán èyí tí ọkọ rẹ̀ fi joyè, fìlà àrán aláwọ̀ elésèé àlùkò, tó fi òwú tó ń dán bíi wúrà ṣe iṣẹ́ sí létí.

Lọ́jọ́ ìwúyè, Bàbá Ọláìtán, mógàjí agboolé, mú ewé akòko, ó gbé e lé àárín orí Ọlánípẹ̀kun gan-an, ó wúre, wọ́n fi fìlà bò ó. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, àlejò tú ká. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, kókó kan yọ lórí Jagun, níbi tí ewé jókòó sí gẹ́lẹ́, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì.

Ìlú kì í rí irú èyí kó dákẹ́. Àwọn ará ilé ní oyè ló hù. Wọ́n ní oyè ẹlòmíràn, ẹnu lásán ló máa ń wà, tiwọn ti ta gbòǹgbò, ó ti ń yọ èhù. Àwọn tó wà lẹ́yìn Ògúntóyìnbó, ẹni tó du oyè náà nínú agboolé tí kò rí i mú, ní ewé mọ olówó rẹ̀, pé bí wọ́n bá gbé e lé orí ẹlòmíràn, yóò máa wá ọ̀nà àtijáde ni. Ògúntóyìnbó fúnra rẹ̀ wá kí Jagun. Ó kí i kú oríire, ó kí i kú ìpínlẹ̀ tuntun, ó kí i kú òjò, ó kí i kú ọ̀gbẹlẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lórí fìlà. Nígbà tó yá, àwọn tí kò bá Jagun tan rárá ń ti Ìgbàyè wá kí i.

Jagun kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Inú rẹ̀ ń dùn, ìdùnnú náà sì ní ìdí tí ẹnì kan ò mọ̀ àfi Àjíkẹ́.

Ó ti tó bí ọdún kan ṣáájú oyè tí Àjíkẹ́ ti ń rí ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ nígbà tó bá ń fọṣọ. Ó bi í léèrè. Ọkọ rẹ̀ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó fà á wọ yàrá, ó sì sọ ọ́ fún un bí ẹni ń júwe ibi tí wọ́n ri owó mọ́lẹ̀ sí. Ó ní Òkúkù, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá òun, lòun ti dàgbà, odò Ọtìn sì ni balùwẹ̀ àwọn. Bí àwọn ọmọkùnrin bá lúwẹ̀ẹ́ tán, wọn a tò sí etí odò, wọn a máa tọ̀. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, ó ti dọkùnrin nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ bá mọ́ gaara, wọn a ní kó lọ bá àwọn obìnrin pọnmi. Ó ní òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pọ́n. Nígbà tí òun di géńdé, pípọ́n náà lọ, kò dágbére. Wàyí o, ó ti padà.

"Àjíkẹ́," ó ní, "èwe mi ló ń bọ̀ yìí."

Àjíkẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ojú ọgbẹ́, tó ń ti ara àgbàlagbà jáde, òun ò rí èwe níbẹ̀ o. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni obìnrin mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Láti ìgbà náà ló ti ra lọ́fínńdà tuntun, tó sì ń ṣàdédé dárúkọ opó kan ní Ìgbàyè, pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé ó mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè. Bó bá lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé tó pẹ́, tí Àjíkẹ́ ń gbọ́ bó ṣe ń kérora mọ́ ògiri, yóò padà wọlé bí ẹni tó ti ogun dé, òógùn yóò bò ó, yóò ní agbára ọ̀hún ló pọ̀ jù. Nítorí náà, nígbà tí kókó yọ, ire méjì ni Jagun kà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ohun tó gbé e dé ọsibítù kì í ṣe ìrora. Fìlà ni. Kókó náà ga débi pé fìlà kò jókòó mọ́. Bó bá fà á síwájú, yóò yọ̀ sẹ́yìn, bó bá gẹ̀ ẹ́ sósì, yóò dúró bí adìyẹ tó sàba lórí ẹyin ẹlẹ́yin. Ayẹyẹ kan sì ń bọ̀ láàfin. Wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ìkìrun, sọ́dọ̀ Dókítà Matthew, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣí ọsibítù kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Dókítà gé kókó náà, ó di ojú ọgbẹ́, ó ní òun yóò fi díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìlọrin kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá bi Jagun bóyá nǹkan mìíràn ń ṣe é lára.

"Kókó yìí nìkan ni, dókítà. Níbi tó kù, ọ̀dọ́langba ni mí."

Àjíkẹ́ la ẹnu. Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ó pa á dé.

Kí èsì tó ti Ìlọrin dé, kókó tún hù lójú àpá, èyí tó dé lẹ́yìn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Oyè tí wọ́n gé tó tún hù, àwọn ará ilé ò rí i pè ní ire mọ́. Jagun ń rù, ojú rẹ̀ ń jìn, kò lè jókòó pẹ́ níbì kan. Bàbá Ọláìtán pe àwọn àgbà jọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi ọgbọ́n wò ó. Ó ní ohun méjì péré ló kan orí Jagun lọ́jọ́ oyè, ewé àti fìlà. Bó bá jẹ́ ewé ni, a jẹ́ pé ọwọ́ tó gbé ewé lé e lórí ló jẹ̀bi. Àwọn àgbà wo ọwọ́ Bàbá Ọláìtán. Òun náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì rọra kó wọn sábẹ́ agbádá. Ó ní nítorí náà, fìlà ni.

Báyìí ni ọ̀ràn ṣe kúrò lọ́rùn ewé tó bọ́ sọ́rùn Àjíkẹ́. Wọ́n wá mú fìlà náà lọ. Wọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹbí yóò jókòó, wọn yóò tú fìlà náà lójú gbogbo ilé, bí wọ́n bá sì bá nǹkan nínú rẹ̀, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ n'Íkìrun. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ilé náà ti wó lulẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Ilé kan tí Àjíkẹ́ ní láyé ni èyí tó bí Rẹ̀mí àti àwọn àbúrò rẹ̀ sí, tó ti ń rán fìlà títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í yàgò fún un. Bó bá kí wọn, wọn a dáhùn, ṣùgbọ́n wọn a kọ́kọ́ fọwọ́ kan gèlè wọn ná.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìpàdé ni Dókítà Matthew ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi ọ̀wọ̀ bi Jagun bóyá ó ń tọ ẹ̀jẹ̀. Jagun tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó wo Àjíkẹ́ bí ẹni pé òun ló tú àṣírí, ó wá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó pẹ́ díẹ̀, àti pé kí dókítà fọkàn balẹ̀, bó bá dàgbà, òun náà lè rí i.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó yẹ ẹran náà wò sọ pé kì í ṣe ẹran orí. Jẹjẹrẹ ni, inú àpò ìtọ̀ ló sì ti ṣẹ̀ wá. Ó ní kòkòrò kan wà tó ń gbé inú odò, tí í wọ ara ọmọ tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń fa àtọ̀sí ajá, òun ló ń sọ ìtọ̀ di pupa. Bí àpá rẹ̀ bá pẹ́ nínú àpò ìtọ̀, ó lè di jẹjẹrẹ nígbà ogbó, jẹjẹrẹ náà á wá wọ inú ẹ̀jẹ̀, á máa kiri. Ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń lọ, tàbí ẹ̀dọ̀, tàbí eegun. Ti orí ṣọ̀wọ́n. Ó ní òun ò rí i rí, inú ìwé lòun ti ń kà á pé ó bá ẹnì kan ní àtàǹpàkò, ó bá ẹlòmíràn ní párì ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Jagun fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó béèrè ọ̀nà tí ohun tó wà nísàlẹ̀ ìdodo gbà tó fi dé orí tí wọ́n gbé ewé oyè lé. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n wọ ilé rẹ̀ tí wọn ò kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀jẹ̀ ò mọ olóyè, bàbá," ni dókítà wí. Ó ní òun ò ní parọ́, ó ti pẹ́ jù láti lé e tán. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n lè ṣe wà kí bàbá lè máa tọ̀ láì kérora, kó sì máa rí oorun sùn. Kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Nínú mọ́tò, Jagun gbé orí ti fèrèsé, kókó náà ò jẹ́ kó fi í tì í dáadáa. Àjíkẹ́ sún mọ́ etí rẹ̀.

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹ ó sọ ọ́ lọ́la?"

"Kí n dìde láàárín agboolé, tèmi Jagun, kí n máa ròyìn ìtọ̀?"

"Bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi ni wọ́n máa lé."

Jagun yíjú sí fèrèsé. Ó ń wo igbó títí wọ́n fi wọ Inísà. Ìgbà tí wọ́n ń bọ́ọ́lẹ̀ ló ní bóyá wọn ò tilẹ̀ ní bá nǹkan kan nínú fìlà ọ̀hún.

Wọ́n bá nǹkan. Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ọláìtán kún. Wọ́n gbé fìlà sínú àwo tánganran, wọ́n fi abẹ tú etí rẹ̀, bébà kan sì yọ jáde, bébà àpò sìmẹ́ǹtì, àwòrán erin wà lára rẹ̀, ó na ọwọ́jà sókè. Ilé kùn. Bàbá Ọláìtán kò fọwọ́ kàn án, igi kékeré méjì ló fi gbé e.

"Ẹ wò ó o. Odindi erin ni wọ́n gbé lé ọmọ wa lórí. A wá ń béèrè ohun tó wú níbẹ̀."

Ògúntóyìnbó náà dá sí i. Ó ní a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Òwe náà kò bá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ tan rárá, ṣùgbọ́n nítorí pé erin wà nínú rẹ̀, gbogbo ilé mi orí.

Àjíkẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bébà yìí ni gbogbo aránfìlà ń fi sí i kí etí fìlà lè dúró, pé ó le, kì í tètè ya, àti pé ẹni tó tà á ló ya erin sí i, kì í ṣe òun. Wọn ò gbọ́. Ó wá rí fìlà tó wà lórí mógàjí, ọkàn rẹ̀ sì fò fáyọ̀, ó rò pé òun ti rí ẹ̀rí.

"Bàbá, èyí tí ẹ dé yẹn, èmi náà ni mo rán an. Ẹ tú u wò, ẹ ó bá erin kan náà níbẹ̀."

Ọwọ́ ń lọ sórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Fìlà ń ṣí, wọ́n ń gbé e kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹnì kan tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ ti tirẹ̀ jìnnà. Bàbá Ọláìtán ṣí tirẹ̀, ó fi ìka tẹ àárín orí ara rẹ̀ wò, ó tún un tẹ̀.

"Gbogbo wa ni," ó ní. "Obìnrin yìí ti di gbogbo agboolé lẹ́rù erin." Ó pàṣẹ pé kí wọ́n lọ kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Àwọn obìnrin méjì ti dìde. Àjíkẹ́ ò sunkún. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò, ọkọ rẹ̀ sì ń wo ilẹ̀. Ó wò ó títí ó fi gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò ní sọ̀rọ̀, tó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìgbà tí òun yóò di abẹ́rẹ́ òun. Nígbà náà ni Jagun fọwọ́ ti ògiri, ó dìde.

"Ẹ fi Àjíkẹ́ sílẹ̀. Mo ti ń tọ ẹ̀jẹ̀ kó tó fi abẹ́rẹ́ kan fìlà yẹn."

Ohùn wolé-wolé ló fi ròyìn rẹ̀, ohùn tó fi ń ka ẹ̀ṣẹ̀ onílé sí i létí nígbà iṣẹ́ ìjọba. Ó mú un láti odò Ọtìn, ó mú un dé àpò ìtọ̀, ó mú un gba inú ẹ̀jẹ̀ dé orí. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó sọ ti èwe tó rò pé ó padà, ó sọ ti lọ́fínńdà, ó sọ ti opó Ìgbàyè pàápàá, èyí tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Ó ní bí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọn yóò lé, kí wọ́n lọ lé odò.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò jọ èyí tí Àjíkẹ́ retí. Kò sẹ́ni tó wo Jagun, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó wo òun. Eékún ara wọn ni àwọn àgbà ń wò. Lẹ́yìn náà, Bàbá Ọláìtán wú ikọ́, ó rọra béèrè bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà máa ń wá ni, àbí ìparí. Jagun ní ìparí. Àgbà kan béèrè bóyá ó pọ́n bí osùn ni, tàbí bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Òmíràn ní òun ní ọ̀rẹ́ kan l'Ókùúkù, pé ọ̀rẹ́ náà ló ní kí òun béèrè bóyá ó máa ń ta ni. Ògúntóyìnbó fẹ́ mọ̀ bóyá dandan ni kó gun orí, àbí ó ń bẹ lára àwọn kan kó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, kó jókòó sísàlẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní Àjíkẹ́ ò jẹ̀bi. Bàbá Ọláìtán kàn ní òjò ti ṣú, kí oníkálùkù máa lọ sílé. Oòrùn ń ràn ganrínganrín lóde. Wọ́n ṣa fìlà wọn, wọ́n dé e tòun terin, wọ́n sì lọ. Àwọn obìnrin méjì tó dìde lọ kó ẹrù padà jókòó, nítorí kò sí ẹni tó tún rán wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, Àjíkẹ́ mú ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìkìrun. Dókítà gbé e wọ yàrá inú, ó fi rọ́bà fa ìtọ̀ tó há sí i lára, ó fún un ní òògùn, Jagun sì sùn, oorun tí ó ti pẹ́ tí Àjíkẹ́ ti rí lójú rẹ̀. Àjíkẹ́ jáde wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ibẹ̀ ló ti rí wọn. Àgbà tó béèrè ti osùn wà lẹ́bàá fèrèsé, ó fa fìlà wálẹ̀ títí dé imú. Ẹni tó ní ọ̀rẹ́ l'Ókùúkù kọjú sí ògiri, ó ń ka kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá. Nọ́ọ̀sì ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ohun tó ń ṣe wọ́n, oníkálùkù ń dáhùn pé orí ni. Nọ́ọ̀sì ní ṣé gbogbo Inísà ni orí ń fọ́ lónìí. Ògúntóyìnbó ní tòun kì í ṣe àìsàn, òun wá kí Jagun ni. Ó kí Àjíkẹ́ dáadáa, ó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi nọ́ọ̀sì ní jẹ́jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tọ̀ sínú ìgò.

Bàbá Ọláìtán ló dé kẹ́yìn. Ó jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì. Ó sún díẹ̀, ó sinmi, ó tún sún, títí agbádá rẹ̀ fi kan ìró Àjíkẹ́.

"Ìyàwó wa."

"Bàbá."

"Báwo ni Jagun ṣe sọ ọ́ fún ọmọ yìí?"

"Dókítà ló bi wọ́n."

"Bí kò bá wá bi mí ńkọ́?"

Àjíkẹ́ yíjú sí i. Gbogbo èsì tó ti ń tò sínú láti ọjọ́ tí wọ́n wá mú fìlà náà lọ dé ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dára, wọ́n mú, èyí tó rọ̀ jù nínú wọn ì bá lé bàbá náà padà sí Inísà lẹ́sẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà. Bàbá náà tún ti kó wọn sábẹ́ agbádá.

"Ó ti pẹ́, Bàbá?"

"Kò tíì pẹ́ bí ti Jagun." Ó wo ẹ̀yìn. "Mo rò pé ọkùnrin ni mo ṣì jẹ́ ni."

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó yíjú padà, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an.

"Ìyàwó wa, bá mi wọlé. Mo mọ ara mi, orí ni n óò pè."

Àjíkẹ́ tún ìró rẹ̀ dì, ó tẹ̀ lé e. Dókítà Matthew ní kí bàbá jókòó, kí ló ń ṣe wọ́n. Bàbá Ọláìtán ní orí ni. Dókítà na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀, ó fẹ́ ṣí i wò.

"Ìtọ̀ ni, dókítà," ni Àjíkẹ́ wí. "Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀."

Dókítà gbọ́wọ́ kúrò. Ó wo bàbá. Bàbá Ọláìtán tẹ orí ba, ó mì í lẹ́ẹ̀kan, ó ní bó ṣe wí ni.